Ẹ̀yìn AC Lọ̀rọ̀ Wà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílé àdúgbò wa sọ nílé-Ifẹ̀ rèé. Àwọn tí ò lè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn, mo wá kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí mọ́ ọn.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin màmá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ kú oòrùn tó ń mú yìí. Alága ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ amúlétutù, AC tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, pàápàá èyí tí wọ́n máa ń lu ògiri gbé sí, tí iwájú ẹ̀ wà nínú yàrá tí ẹ̀yìn ẹ̀ yọ síta. Láti Lágere dé Mayfair, dé Pàrákìn, títí lọ sí Ondo Road, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi ń gba àlejò ló ṣì ń lo irú ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo kọ́, òun ni mo gba fíríidọ̀mù lé lórí, òun ni mo fi ń tọ́ ọmọ, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí mi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí máa dín owó tẹ́ ẹ ń kó fún àwa tá a ń tún un ṣe kù, mo sì fẹ́ kó dín in kù lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Kẹ́ ẹ tó sanwó gáàsì, ẹ fọ ẹ̀yìn AC yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé AC máa ń ṣe òtútù jáde. Kì í ṣe òtútù kankan o, aláàrù ni. Ooru tó wà nínú yàrá ló ń rù, á gbé e gba inú ògiri kọjá, á lọ dà á síta, á tún padà wá rù òmíràn. Ẹ rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń fi òwú tó ní sípírítì nu apá yín kó tó gún yín lábẹ́rẹ́, ibẹ̀ á tutù nini, torí sípírítì yẹn ń gbẹ ni, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru ara yín lọ. Omi àmù náà, ara àmù tó ń làágùn tó ń gbẹ yẹn ló ń mú un tutù láìsí iná. Gáàsì tó wà nínú páìpù bàbà AC, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Nínú yàrá, olómi ni, ooru yàrá á sọ ọ́ di atẹ́gùn, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná janjan, á lọ sí kọ́ìlì ẹ̀yìn, ìyẹn páìpù tó ká po lẹ́yìn AC, fáànù ẹ̀yìn á fẹ́ ooru yẹn dànù síta, gáàsì á tún di olómi á padà síwájú. Bó ṣe ń yí po tọ̀sán-tòru nìyẹn. Ẹ rí i pé kò sí ibi tó ti ń jó tán. Gáàsì AC kì í ṣe gáàsì ìdáná. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gáàsì ti tán, ó jò ni, ibi tó ti ń jò gan-an ni kẹ́ ẹ ní kó fi hàn yín kó tó rọ òmíràn sí i.

Wàyí o, aláàrù tó gbẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà tó bá ìlẹ̀kùn ní títì, kí ló fẹ́ ṣe? Ẹrù á wà lórí ẹ̀, ọrùn á máa wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni AC tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti dí. Ooru ò ríbi jáde, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á máa gbóná, iná tó ń fà á máa lé sí i, yàrá ò ní tutù, tó bá wá yá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á jóná, a ó ní NEPA ló pa á. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. NEPA ní ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀, màá débẹ̀, àmọ́ nínú AC mẹ́wàá tí wọ́n ń pè mí sí pé kò tutù, ìdọ̀tí ni mo kọ́kọ́ ń bá lára èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé àlejò kan fún yín, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Màmá tó ni ibẹ̀ pè mí nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rọ gáàsì sí AC yàrá kan láàárín ọdún kan, tílẹ̀ bá ṣú á tutù díẹ̀, tó bá di ọ̀sán á máa fẹ́ atẹ́gùn lásán, àwọn àlejò ń bínú jáde. Mo wo fíltà iwájú, ó mọ́ tónítóní, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo yìn ín. Mo bọ́ síta mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, látìta kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Mo ní ká fà á jáde. Àwa méjì la fà á, a gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, mo tú páànù orí ẹ̀, mo wá wo ojú kọ́ìlì tó kọjú sí fáànù nínú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí àlàfo kankan. Àwọn ewé aluminiọ́ọ̀mù tín-ín-rín tó yẹ kí atẹ́gùn máa gba àárín wọn kọjá, ẹ ò lè mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti eruku ọkọ̀ ti di ọ̀kan, bùkà tí wọ́n ti ń dín àkàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èéfín òróró wọn ti bá a lẹ̀ pọ̀, nígbà tí mo fi èékánná gbé igun kan sókè ó ń ṣí bọ̀ lódindi bí ẹni ń ká aṣọ òfì, ó nípọn, ó wúwo lọ́wọ́, àwọ̀ eérú. Agbọ́n ti fi amọ̀ mọlé mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ fáànù. Egungun ọmọnílé kan wà nínú omi dúdú tó dúró sísàlẹ̀. Mo ní kí màmá wá wò ó. Wọ́n dúró, wọ́n ń mirí, wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, látọjọ́ yìí, kí ló dé tẹ́nì kankan ò fi èyí hàn mí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun torí òótọ́ ni, àwọn tó ti wá ṣáájú mi gbowó, wọn ò tú u. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, AC tó ń ṣàìsàn àtèyí tára ẹ̀ le, híhó kan náà ni wọ́n ń hó, àfi kéèyàn tú u wò. Gáàsì tí wọ́n sì ń rọ lé e lórí yẹn ti pọ̀ jù, ó tún wá fi kún wàhálà kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Mo gba èyí tó lé padà sínú sílíńdà, a fọ gbogbo ẹ̀, a dá a padà ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sán gangan ni mo tàn án, kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́yìn ẹ̀, mo mọ̀ pé aláàrù ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Omi tí mo dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe torí kí ara lè tu èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe AC o. Lọ́dún 1902 ni ẹnjiníà kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Willis Carrier, ya ètò ẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, New York, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ́ kí bébà wọn máa fẹ̀ kó tún máa sún kì, àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ò wá bára mu mọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ló fẹ́ fà yọ. Títí dòní iṣẹ́ méjì yẹn ni AC ń ṣe pọ̀, á ru ooru, á fa omi. Bí ìgò míníráàlì tó tutù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì ni kọ́ìlì iwájú ń làágùn, omi yẹn á ṣàn lọ sẹ́yìn nísàlẹ̀. Tí omi bá wá pàdé eruku nínú òkùnkùn, ohun dúdú dúdú tó máa ń hù sára ògiri tó ń jò náà ló máa hù síbẹ̀, ẹ ó tan AC òórùn bíi ti aṣọ tí ò gbẹ á kún yàrá. Ẹni tó ní ásímà tàbí tí imú ẹ̀ máa ń dí, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Lọ́fíńdà tẹ́ ẹ ń fín sí i ò lè wò ó sàn.

Omi tó ṣàn lọ sẹ́yìn yẹn kì í ṣe ohun ìdànù. Ọ̀pọ̀ AC inú ògiri ni wọ́n fi òrùka kan sí etí fáànù ẹ̀yìn ẹ̀, òrùka yẹn á máa bu omi, á máa fọ́n ọn sára kọ́ìlì tó gbóná, kọ́ìlì á tutù, ooru á tètè lọ. Ariwo ṣàà-ṣàà tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀ nígbà òjò, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn kan á wá gbé dírílì, wọ́n á lu ihò sísàlẹ̀ pé àwọn fẹ́ kómi dá. Ẹ má gbà fún wọn. Tí wọ́n bá lu ihò tán, ẹ̀rọ ti pàdánù omi tó fi ń wẹ̀, tí ẹnu dírílì bá sì kan páìpù, gáàsì lọ nìyẹn. Tí omi bá ń dà sínú yàrá, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà dagun síwájú, ẹ̀yìn ló yẹ kó rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ìbú ìka kan, tàbí kí ẹ wo ojú ọ̀nà omi láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, ìdọ̀tí ti lè dí i.

Ó dáa, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Fíltà kò nira, ẹ fà á yọ, ẹ gbọn eruku ẹ̀ dànù, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi ìbòòji kó gbẹ dáadáa, torí oòrùn á ká a kò. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì tó, àmọ́ tí ọyẹ́ bá dé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, eruku tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá yẹn kúnná débi pé ẹ ò ní rí i kó tó bo gbogbo nǹkan.

Ti ẹ̀yìn ni iṣẹ́. Ẹ má fi rìmóòtù pa á kẹ́ ẹ ní ẹ ti pa á, púlọ́ọ̀gì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yọ, tí wọ́n bá so ó mọ́ wáyà tààrà ẹ pa bíréékà ẹ̀. Ẹni méjì ni kó fà á jáde, ẹ̀gbẹ́ kan ló wúwo jù, níbi tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jókòó sí, tẹ́nì kan bá dá a gbé ó lè dojú dé. Nínú ẹ̀ ẹ ó rí nǹkan kan bí agolo kékeré, kapásítọ̀ là ń pè é, iná máa ń wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì pàápàá, kẹ́ni tí ò kọ́ṣẹ́ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi náílọ̀n wé ibi tí wáyà àti bọ́ọ̀dù wà, ẹ wé mọ́tò fáànù náà.

Ẹ má tètè da omi sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe àṣìṣe ẹ̀ nìyẹn, eruku gbígbẹ tí omi bá bà, ẹrọ̀fọ̀ ló ń dà, á wá rì sínú kọ́ìlì. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi gbá a, kẹ́ ẹ máa gbá a láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ewé aluminiọ́ọ̀mù yẹn ṣe tò, ẹ má gbá a ní ìbú, wọ́n á tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ wọ́n ọn sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó rọ òróró, kẹ́ ẹ wá fi omi ṣàn án, láti ojú tó kọ síta wọ inú, kí omi lè ti ìdọ̀tí padà síbi tó gbà wọlé. Rọ́bà omi lásán tó. Ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò á tẹ gbogbo ewé yẹn pa. Àwọn tó bá ti tẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ tí ò mú tọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù. Jik ńkọ́? Rárá o, ó ń jẹ aluminiọ́ọ̀mù. Ẹ má sì fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ nǹkan tí iná máa wọ̀. Kẹ́ ẹ tó dá a padà ẹ jẹ́ kó gbẹ, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ẹ fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́, ni kó kéré jù, tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì tàbí ẹ̀gbẹ́ bùkà ló wà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá kan bi mí pé AC tòun mọ́, tuntun ni, kò sì tutù. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ṣé ihò yẹn yọ síta, wọ́n ronú, wọ́n ní inú búlọ́ọ̀kù ló wà. Ẹ rí i? AC ojú wíńdò ni wọ́n gbé sínú ògiri. Ẹ̀gbẹ́ ni irú ẹ̀ fi ń mí sínú, ògiri búlọ́ọ̀kù nine-inches ti di í nímú pa. Èyí tí wọ́n ṣe fún ògiri gan-an, ẹ̀yìn nìkan ló fi ń mí, ó sì máa ń ní àpótí onírin tiẹ̀ tó ń wọ̀. Ẹ fa ti wíńdò síta títí ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á fi bọ́ nínú ògiri, kẹ́ ẹ wá fi irin gbè é lábẹ́ dáadáa.

Oòrùn náà ńkọ́? Tí ẹ̀yìn AC bá kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ẹrù méjì lẹ gbé lé e. Ẹ ṣe ìbòòji sí i lókè, kó jìnnà sí i díẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè. Ẹ lọ wo àwọn ilé Humanities ní OAU, èyí tí òkè ẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì tó ya ètò ọgbà yunifásítì yẹn láwọn ọdún 1960, mọ irú oòrùn tá a ní, àjà kọ̀ọ̀kan yọrí bo èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, atẹ́gùn ń gba àárín ilé kọjá. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń kọjá níbẹ̀, ẹni tó kọ́ irú ilé yẹn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ AC kẹ́nikẹ́ni tó ra AC.

Ti NEPA tí mo ṣèlérí. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ pa AC yín. Tí wọ́n bá mú un dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán kẹ́ ẹ tó tàn án, gáàsì tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fún pọ̀ sápá kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á máa tiraka láti yí tí ò ní lè yí, á máa gbóná. Iná tó bá sì lọ sílẹ̀, tí gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í ṣe iná AC. Ẹ ra sítébíláísà tó máa ń dá iná dúró díẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Àwọn tó ń ra tòkúnbọ̀, ẹ ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀. Òmíràn láti Amẹ́ríkà, 115 volts ni, tiwa jẹ́ 230, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tàn án. Òmíràn máa ń mú yàrá gbóná pẹ̀lú, torí ìgbà òtútù tiwọn lọ́hùn-ún. Àwọn kan ń yí ọ̀nà gáàsì padà ni, aláàrù á wá máa ru ooru ìta wọlé. Àwọn mìíràn ní wáyà tó ń pọ́n bíi ti hítà. Tí ẹ ò bá tíì lò ó rí, tí òtútù ọyẹ́ wá mú yín láàárọ̀ kùtù tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, eruku ọdún tó ti jókòó sórí wáyà yẹn ló máa jó, ẹ ó gbóòórùn ẹ̀. Tí eruku yẹn bá nípọn ó lè di iná. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dán an wò.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ má tú gáàsì AC tí wọ́n ń pè ní R22 dànù sínú afẹ́fẹ́. Ó ń ba ìbòrí ozone tó ń gbà wá lọ́wọ́ oró oòrùn jẹ́, àdéhùn tí ayé ṣe ní Montreal lọ́dún 1987 ló ń lé e kúrò nílẹ̀, irú orílẹ̀-èdè tiwa ní títí di 2030. R32 tó ń gba ipò ẹ̀ kò ní wàhálà yẹn, àmọ́ ó lè gbaná, kẹ́nikẹ́ni má fi iná wẹ́dà súnmọ́ páìpù tí R32 ṣì wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló ká mi lára jù. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní AC yàrá àwọn máa ń mú òórùn èéfín wọlé tí àwọn bá tan jẹ̀nẹ́rétọ̀. Mo bi í pé ibo ni jẹ̀nẹ́rétọ̀ wà. Ó ní abẹ́ AC gan-an, torí òjò ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀.

Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbọ́ eléyìí bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù. Ihò ni AC inú ògiri jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọwọ́ kékeré kan níwájú tí wọ́n kọ VENT sí, tó bá wà ní OPEN afẹ́fẹ́ ìta ń wọlé. Àlàfo etí ògiri tí wọn ò dí náà ń gbé e wọlé. Nínú èéfín jẹ̀nẹ́rétọ̀, carbon monoxide wà níbẹ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, orí fífọ́ àti òòyì ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sùn lọ lè má jí. Ẹ fi fóòmù dí etí AC yín yíká, ẹ pa VENT dé, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn o, jẹ̀nẹ́rétọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gbé jìnnà, ó kéré tán ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ilé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ kọ̀yìn sí wíńdò àti AC, tiyín àti tará ilé kejì.

Mo bi ọmọ náà bóyá ẹnì kan wà nílé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń sùn, iná ò sí, jẹ̀nẹ́rétọ̀ wà ní títàn. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ní kó pè é báyìí. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde síta, ẹ pa jẹ́nẹ̀ yẹn, ẹ ṣílẹ̀kùn àti wíńdò sílẹ̀." Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní orí ti ń fọ́ òun láti bí wákàtí kan. Alága ní kí wọ́n gbé ọ̀kadà fún un kó tètè lọ bá a, kó mú un lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n sọ fún dókítà pé èéfín jẹ̀nẹ́rétọ̀ ni, a sì dúró ná kó tó jáde tán ká tó máa bá ìpàdé lọ.